Pàṣípààrọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Bologna

Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Bologna ni ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì mìíràn fi ń wá kàwé fún sáà kan tàbí ọdún kan ní ìlú Bologna, ní àríwá Ítálì, láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ilé-ìwé tirẹ̀. Ibi tó ti wá náà ló ń san owó ilé-ìwé sí. Bologna kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó ti wá náà ni yóò sì fún un ní oyè nígbẹ̀yìn. Ohun tó ń gbé kúrò ní Bologna ni kírédíìtì, ìyẹn ẹ̀rí pé ó ṣe iṣẹ́ kan tí ilé-ìwé tirẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun yóò kà fún un. Bí kírédíìtì náà kò bá wọlé, ọdún kan lè sọnù nínú ọdún tó fi ń kàwé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ fi jẹ́ iṣẹ́ ìwé, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì máa ń parí ìdajì rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Ìtàn

Ọdún 1088 ni wọ́n ń kà sí ọdún tí Yunifásítì Bologna bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí akéwì Giosuè Carducci jẹ́ olórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló fìdí ọdún náà múlẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àjèjì ti pọ̀ nínú akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ní 1155, ọba Frederick Barbarossa ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Authentica Habita láti dáàbò bo àwọn tó ń rìnrìn-àjò nítorí ẹ̀kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ nítorí gbèsè tí ará ìlú rẹ̀ jẹ, bí ẹjọ́ bá sì dé bá a, ó lè yàn pé iwájú olùkọ́ òun tàbí iwájú bíṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn citramontani wá láti Ítálì, àwọn ultramontani sì wá láti òdìkejì òkè Alps. Àwọn ló ń yan rẹ́kítọ̀, ìyẹn olórí yunifásítì, àwọn náà ló sì ń bu owó ìtanràn lé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé kíláàsì. Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀, wọ ẹgbẹ́ àwọn ará Jámánì níbẹ̀ ní 1496. Desiderius Erasmus ará Rotterdam, tí ètò pàṣípààrọ̀ Yúróòpù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, gbé ní Bologna láti 1506 sí 1507.

Ohun tó bí ètò òde òní ni ọ̀rọ̀ kírédíìtì gan-an. Sofia Corradi, ọmọ Ítálì kan tó kàwé òfin, lọ gba oyè másítà ní Yunifásítì Columbia ní New York pẹ̀lú owó Fulbright, ìyẹn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Nígbà tó padà sí Róòmù ní 1958, yunifásítì rẹ̀ kọ̀ láti ka iṣẹ́ ọdún náà sí ohunkóhun. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti máa rọ àwọn yunifásítì àti ìjọba kí wọ́n máa gba ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe lókè òkun wọlé. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Yúróòpù fọwọ́ sí ètò Erasmus ní Oṣù Kẹfà 1987. Ní ọdún àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 láti orílẹ̀-èdè 11 ló lọ. Ní 1989 ni ìdíwọ̀n kírédíìtì ECTS bẹ̀rẹ̀ fún ìdánrawò, nígbà tó sì di ọjọ́ 19 Oṣù Kẹfà 1999, àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè 29 pàdé ní Bologna, wọ́n fọwọ́ sí ìkéde tó mú kí ètò oyè yunifásítì Yúróòpù bá ara wọn mu. Ìkéde náà ló jẹ́ kí kírédíìtì Bologna lè wọ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ní Pólándì tàbí Pọtogí láìsí àríyànjiyàn gígùn.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wọlé

Erasmus+, orúkọ tí ètò Erasmus ń jẹ́ báyìí, ni ọ̀nà tó gbòòrò jù. Ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìrànwọ́, wọ́n sì sábà máa ń san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó san ìyókù lẹ́yìn tí ìwé àbájáde bá dé. Ìdúró gbọọrọ fún ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí oṣù 2, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ ní ìpele oyè kan. Ẹni tó lo oṣù 5 nígbà tó ń kàwé oyè àkọ́kọ́ ṣì ní oṣù 7 níbẹ̀, oṣù 12 tuntun yóò sì ṣí fún un bó bá dé ìpele másítà. Ọ̀nà kejì ni àdéhùn tí Bologna bá àwọn yunifásítì kan ṣe ní Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì, Japan àti ibòmíràn. Owó ilé-ìwé ni èyí ń gbé kúrò lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Oúnjẹ, ilé àti owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Láti 2015 ni Erasmus+ ti ṣí ẹ̀ka kan fún àwọn orílẹ̀-èdè tó jìnnà sí Yúróòpù, tí Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá kọ̀wé sí Bologna pé òun ń bọ̀ wá ṣe pàṣípààrọ̀. Ilé-ìwé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá Bologna tọwọ́ bọ àdéhùn, owó gbọ́dọ̀ ti wà lórí àdéhùn náà, ilé-ìwé tirẹ̀ náà ni yóò sì fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú òkè òkun ní yunifásítì tirẹ̀, láti béèrè àdéhùn tó wà nílẹ̀ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó kàn. Erasmus Mundus tí àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ ọn jẹ́ ètò mìíràn: oyè másítà lódindi ni, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló sì ń kọ̀wé béèrè fúnra rẹ̀.

Ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́

Ìwé tí wọ́n ń pè ní Learning Agreement ni òpó tó gbé gbogbo ètò náà ró. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i: akẹ́kọ̀ọ́, ilé-ìwé tó ti wá, àti Bologna. Apá kan rẹ̀ to àwọn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe ní Bologna lẹ́sẹẹsẹ, apá kejì to àwọn kọ́ọ̀sì ilé tí wọn yóò dípò. Kírédíìtì 60 ni iṣẹ́ ọdún kan, 30 ni ti sáà kan. Ní Ítálì, kírédíìtì kan dúró fún wákàtí 25 iṣẹ́, tí wákàtí kíláàsì àti wákàtí ìkàwé nílé jọ wà nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀sì oníkírédíìtì 6 jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 150 nígbà náà, ẹni tó bá sì kó kọ́ọ̀sì méje jọ torí pé kíláàsì wọn kò pọ̀ yóò rí i pé ìwé tí òun yóò kà kò ní tán.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú yíyan kọ́ọ̀sì. Kọ́ọ̀sì kan náà lè wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ kírédíìtì 6 níbìkan, 9 níbòmíràn, 12 níbi kẹta. Nọ́ńbà kóòdù ló yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà kóòdù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní corso integrato, tí kọ́ọ̀sì méjì so pọ̀ tí máàkì wọn sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó bá ṣe ìdajì rẹ̀ kò ní rí máàkì kankan gbà, bó ti wù kí ó mọ ìdajì náà tó. Àwọn mìíràn kì í wáyé àfi ní sáà kejì, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ wọ́n sí sáà kìn-ín-ní láìwo kàlẹ́ńdà. Àwọn ẹ̀ka tí iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ààlà, irú bí ìmọ̀ ìṣègùn, kì í sábà ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò wá láti irú ẹ̀ka kan náà.

Àtúnṣe kò le, bí a bá tètè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà ni àyè rẹ̀ wà, ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i. Ìlérí ẹnu olùkọ́ kan nílé pé "a máa ka ìyẹn náà" kò tó. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, kì í ṣe dandan fún ilé-ìwé láti gbà á wọlé, bí máàkì rẹ̀ tilẹ̀ dára púpọ̀.

Físà àti ìwé ìgbélùú

Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò nílò físà. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá tí yóò lò ju ọjọ́ 90 lọ nílò físà onípele D fún ẹ̀kọ́, tí ó ń gbà láti ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba Ítálì ní Abuja tàbí ní Èkó. Físà náà wulẹ̀ ń gbé e wọ ìlú ni. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 8 tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní permesso di soggiorno.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ní káńtà Sportello Amico ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Wọn yóò fún un ní àpò ìwé tó ní ìlà aláwọ̀ ìyeyè, lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, yóò fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ẹ̀dà físà, lẹ́tà Bologna àti ẹ̀dà ìwé adójútòfò ìlera sí i. Kò gbọdọ̀ lẹ àpò náà pa, nítorí pé òṣìṣẹ́ káńtà yóò yẹ ohun inú rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ owó orí tí wọ́n ń pè ní marca da bollo jẹ́ 16 yúrò, a sì ń rà á ní ilé ìtajà tábà. Káńtà yóò gba 30 yúrò. Owó ìwé ìgbélùú oṣù 3 sí 12 pẹ̀lú owó káàdì fúnra rẹ̀ jẹ́ 70.46 yúrò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 116.46 yúrò. Rìsíìtì tí wọ́n bá fún un ni kí ó tọ́jú bí ojú, torí òun ni ẹ̀rí pé ó wà nílùú lọ́nà òfin títí káàdì yóò fi jáde, ọjọ́ tí yóò lọ tẹ̀ka ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá, Questura, sì wà lára ìwé tí wọ́n fún un. Káàdì lè pẹ́ débi pé akẹ́kọ̀ọ́ sáà kan yóò ti ń múra àtilọ kí ó tó jáde. Bí físà bá ti parí, rìsíìtì nìkan kò gbé ènìyàn lọ sí Faransé tàbí Jámánì. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò kiri Yúróòpù, kí ó ṣe é nígbà tí físà ṣì ní ẹ̀mí.

Owó ìlera ní ọ̀fìn tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù lè forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ìlera ìjọba Ítálì, ṣùgbọ́n láti 2024 ni owó rẹ̀ ti di 700 yúrò lọ́dún, ọdún tí wọ́n sì ń kà ni ti kàlẹ́ńdà: ẹni tó bá san án ní Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ló parí fún un. Fún ẹni tó dé ní Oṣù Kẹsàn-án fún sáà kan, adójútòfò aládàáni tí ìjọba fọwọ́ sí sàn ju ìyẹn lọ. Ọmọ Yúróòpù ń lo káàdì ìlera Yúróòpù tó mú wá láti ilé.

Codice fiscale ni ohun kékeré tí gbogbo nǹkan ń béèrè. Àmì 16 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Láìsí i, kò sí ìwé àdéhùn ilé, kò sì sí àkáǹtì báǹkì. Ilé-iṣẹ́ owó orí, Agenzia delle Entrate, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilé

Ilé ló ń ba ìrìn-àjò jẹ́ jù ní Bologna. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà tó nǹkan bí 90,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan wọn wà ní Cesena, Forlì, Ravenna àti Rimini, ibùsùn tí àjọ ìpínlẹ̀ ER.GO ní kò sì tó nǹkan. Ọjà gbangba ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ ń wá yàrá sí. Wọ́n ń polówó yàrá ẹni kan bíi singola, wọ́n ń polówó ibùsùn kan nínú yàrá ẹni méjì bíi posto letto. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, singola sábà máa ń kọjá 500 yúrò lóṣù. Àdúgbò Via Zamboni, níbi tí ọ́fíìsì rẹ́kítọ̀ àti ọ̀pọ̀ kíláàsì wà, ni gbogbo ènìyàn ń dù, ariwo òru ibẹ̀ kò sì kéré. Bolognina lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè, San Donato àti Cirenaica máa ń rọjú díẹ̀, ènìyàn sì lè fi kẹ̀kẹ́ dé kíláàsì láti ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Òfin gbà kí onílé gba owó kọ́ṣàn tí kò ju owó ilé oṣù 3 lọ. Àdéhùn tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 dé 36. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni sáà kan: oṣù 5 ni yóò lò, oṣù 6 ni ìwé wí. Irú àdéhùn tó bá a mu ni contratto transitorio, tó lè kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí onílé forúkọ àdéhùn sílẹ̀ ní Agenzia delle Entrate láàárín ọjọ́ 30, bí iye rẹ̀ bá ju ọjọ́ 30 lọ láàárín ọdún. Àdéhùn tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí kọ́ṣàn bá di ọ̀rọ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ilé wọ́n. Ẹni tó bá ní òun wà lókè òkun, tí kò lè fi ilé hàn, tó ní kí wọ́n fi kọ́ṣàn ránṣẹ́ kí òun tó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, olè ni. Èyí tó dára jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè dé ní ìparí Oṣù Kẹjọ, kí ó wọ ibùsùn họ́sítẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá yàrá kiri. Kí ó béèrè ẹni tó ń san owó gáàsì. Ní Bologna, òfin gba kí ẹ̀rọ amúlégbóná ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 15 Oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 15 Oṣù Kẹrin, bílì oṣù wọ̀nyẹn sì máa ń ya ẹni tó ti ilẹ̀ olóoru wá lẹ́nu. Òjò kò tó nǹkan fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé tó gùn tó kìlómítà 62 ló bo ẹ̀bá òpópónà ìlú náà, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2021.

Kíláàsì àti ìdánwò

Sáà kìn-ín-ní ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, kíláàsì sì ń parí ní Oṣù Kejìlá. Sáà kejì ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejì. Kíláàsì tí wọ́n kọ pé aago 9 ni, aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 15 ni olùkọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àṣà ni. Èdè Ítálì ni èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì oyè àkọ́kọ́ ń lò. Yunifásítì ní ilé ẹ̀kọ́ èdè tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀, àyè ibẹ̀ a sì máa tètè kún.

Nínú ètò kọ́ọ̀sì, àkójọ ìwé méjì ló sábà máa ń wà: ti àwọn frequentanti, ìyẹn àwọn tó ń wá sí kíláàsì, àti ti àwọn tí kì í wá. Ti àwọn tí kì í wá gùn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pa kíláàsì jẹ nítorí ìrìn-àjò, tó wá ka àkójọ kúkúrú, yóò bá ìbéèrè pàdé láti inú ìwé tí kò ṣí rí.

Ìdánwò ẹnu ni ohun tó ń dẹ́rù ba àlejò jù, bẹ́ẹ̀ ó ní ètò. Ojú òpó AlmaEsami ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan pàtó, tí wọ́n ń pè ní appello. Ìforúkọsílẹ̀ ń parí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò ní jókòó. Lọ́jọ́ náà, olùkọ́ ń pe orúkọ lẹ́sẹẹsẹ, àwọn tó kù sì lè jókòó sẹ́yìn gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ó dára kí àlejò lọ jókòó gbọ́ appello kan kí tirẹ̀ tó dé, nítorí ìbéèrè olùkọ́ kan kì í yí padà púpọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ sábà máa ń fẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé òun lè to ọ̀rọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á wá gún kókó kan. Ẹni tó bá fèsì pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sì dákẹ́ ń ṣe ara rẹ̀ ní ìpalára, bí èsì náà tilẹ̀ tọ̀nà.

Máàkì ń lọ láti 18 sí 30. Èyí tó bá kéré sí 18 kò yege. 30 e lode ni ti ẹni tó tayọ. Lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu náà ni olùkọ́ sábà ń sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kọ̀ ọ́, kí ó padà wá ní appello mìíràn. Bí ó bá gbà á tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí àtúnṣe mọ́. Oṣù Kínní àti Oṣù Kejì ni appello sáà kìn-ín-ní. Ti sáà kejì wà ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje, àwọn mìíràn sì tún wà ní Oṣù Kẹsàn-án. Akẹ́kọ̀ọ́ sáà kan tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì àtipadà sílé fún ìparí Oṣù Kejìlá ti ta gbogbo ìdánwò rẹ̀ nù, àfi àwọn olùkọ́ díẹ̀ tó bá ṣètò ìdánwò ṣáájú Kérésìmesì.

Bí máàkì ṣe ń di ti ilé

Ìṣirò tààrà kò tọ́ níbí. Pípín 24 sí 30 yóò mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ipò tí akẹ́kọ̀ọ́ wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ka kan, 30 lè wọ́pọ̀, kí 24 wá wà nísàlẹ̀. Ní ẹ̀ka mìíràn 27 lè ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà ni ECTS fi ń lo tábìlì tó fi iye ìgbà tí máàkì kọ̀ọ̀kan ń wáyé hàn, kí ilé-ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lè wá máàkì tirẹ̀ tó wà ní ipò kan náà. Bí ilé-ìwé kan bá ṣì ń lo ìpín lásán, ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti béèrè tábìlì náà.

Ìwé àbájáde, transcript of records, yẹ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 5 tí àbájáde ìdánwò bá ti jáde ní Bologna. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò nílùú, kí ó wo ojú òpó bóyá gbogbo máàkì ti wọlé, nítorí olùkọ́ tó gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀ rọrùn láti lọ bá ní ọ́fíìsì rẹ̀ ju kí ènìyàn máa fi ímeèlì lé e láti ọ̀nà jíjìn. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì yìí ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìrànwọ́ Erasmus+: ẹni tó bá lọ ṣáájú ọjọ́ tó wà nínú àdéhùn yóò dá owó àwọn ọjọ́ náà padà, ẹni tí àpapọ̀ ìdúró rẹ̀ kò bá sì pé oṣù 2, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ó bá ní ìdí tó kọjá agbára rẹ̀, bí àìsàn.